Ìmùlẹ̀ àti Ìdalẹ̀ Láàrin Àwọn Ọba Inú Kọ̀ǹpútà

Ní ọdún 1959, ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Allan Calhamer ni orúkọ rẹ̀, fi owó ara rẹ̀ ṣe ẹ̀dà 500 eré orí pátákó kan tí ó ti gbé kalẹ̀ láti ọdún 1954, ó sì pè é ní Diplomacy. Àwòrán ilẹ̀ Yúróòpù ni ó wà lórí pátákó náà, bí ilẹ̀ ọ̀hún ti rí kí Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní tó bẹ́ sílẹ̀. Ìjọba méje ni ó sì ń du ilẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́ níbẹ̀, àwọn Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Jámánì, Ítálì, Rọ́ṣíà, Tọ́kì, àti ìjọba Austria òun Hungary. Kò sí dáìsì tí a ó dà, kò sí káàdì tí a ó fà, nítorí náà kò sí ẹni tí ó lè sọ pé orí òun ni kò ṣe òun lóore. Àwọn ọ̀tayò a máa dìde níjokòó, wọn a fa ara wọn sí kọ̀rọ̀ ní méjì-méjì àti mẹ́ta-mẹ́ta, wọn a sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, wọn a mulẹ̀, wọn a padà wá kọ àṣẹ tí wọ́n fẹ́ pa fún àwọn ọmọ ogun wọn sínú ìwé ní ìkọ̀kọ̀, a ó sì tú gbogbo ìwé náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìgbà náà ni olúkúlùkù yóò mọ̀ bóyá ẹni tí ó bá òun mulẹ̀ ti dalẹ̀. Bí Calhamer ti ṣe ètò eré yìí, kò sí ìjọba kan tí agbára tirẹ̀ nìkan tó láti borí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí òfin kankan tí ó de ẹnikẹ́ni mọ́ ìlérí tí ó bá ṣe. Ọkùnrin tí ó kọ́ gbogbo ayé ní irọ́ àwọn ọba yìí kan náà ni ó padà di ẹni tí ń pín lẹ́tà láti ilé dé ilé ní ìpínlẹ̀ Illinois, tí ó ń jẹ́ iṣẹ́ olóníṣẹ́ láìyí ọ̀rọ̀ padà. Ọdún 2013 ni ó kú.

Eré Calhamer yìí ni mo fi ṣáájú nítorí pé òun ni òṣùwọ̀n tí àwọn ọ̀mọ̀wé wá fi wọn kọ̀ǹpútà nígbẹ̀yìn, bí a ó ti rí i níwájú. Ní ọdún 1997, kọ̀ǹpútà Deep Blue, tí ilé-iṣẹ́ IBM ṣe, borí Garry Kasparov, ẹni tí kò ní ẹgbẹ́ nínú eré ṣẹ́ẹ̀sì láyé ìgbà náà. Ẹnu ya tọmọdé tàgbà, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì rò pé kò sí ayò tí ẹ̀rọ kò ní gbà lọ́wọ́ ọmọ ènìyàn mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni méjì tí ń ta ṣẹ́ẹ̀sì kò ní ohun kan láti bá ara wọn sọ. Ohun tí ó bá jẹ́ èrè ọ̀kan, àdánù èkejì ni, ọ̀rọ̀ sì ti parí. Níbi tí ẹni mẹ́ta bá jókòó sí, tí méjì lè forí korí lórí ẹnì kẹta, ọ̀rọ̀ di òmíràn, nítorí pé ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó, ẹni tí kò bá sì mọ èyí tí òun yóò yọ nínú méjèèjì, kò lè jọba láàrin àwọn ọba. Ní ọdún tí Deep Blue ń ṣe bẹbẹ yìí, ọmọ iléèwé lásán ṣì lè fi ẹ̀bùn ràndanràndan tan ọba inú kọ̀ǹpútà jẹ nínú eré ogun, kí ó sì kó ìlú rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ogójì ọdún ni àwọn tí ń ṣe irú eré bẹ́ẹ̀, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń pè ní géèmù, ti ń wá ọba tí yóò ṣe é bá sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀rọ. Ìdájọ́ tèmi ni pé kì í ṣe ọgbọ́n ni ó wọ́n wọn jù, ìwà ni. Ọba tí ó gbọ́n tí kò ní ìwà, ọ̀tayò kò ní gbà pé ọba ni. Ẹ̀rọ tí ó bàjẹ́ ni yóò pè é.

Ó yẹ kí wọ́n ti mọ èyí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1980, Robert Axelrod, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ òṣèlú ní Yunifásítì Michigan, ké sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí olúkúlùkù kọ ètò kọ̀ǹpútà kan ránṣẹ́, kí àwọn ètò náà máa pàdé ara wọn ní méjì-méjì lọ́pọ̀ ìgbà, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì máa yàn, nígbà kọ̀ọ̀kan, bóyá òun yóò fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú èkejì ni tàbí òun yóò dà á. Ètò 14 ni ó wọlé nígbà àkọ́kọ́, 62 nígbà kejì, àwọn mìíràn nínú wọn gùn gbọọrọ, wọ́n sì kún fún àrékérekè. Ṣùgbọ́n èyí tí ó kúrú jù lọ nínú wọn, tí Anatol Rapoport fi ránṣẹ́ láti Toronto, ni ó borí lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ohun tí ètò náà ń ṣe kò ju èyí lọ: àlàáfíà ni yóò fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ohunkóhun tí ẹnìkejì bá ṣe sí i nígbà tí ó kọjá ni òun náà yóò ṣe padà fún un. Ẹ̀san rẹ̀ kì í pẹ́, ìdáríjì rẹ̀ náà kì í pẹ́, kò sì fi èyíkéyìí pa mọ́. Ẹni tí ó bá a pàdé yóò tètè mọ irú ẹni tí ó jẹ́, ìmọ̀ yìí gan-an ni ó sì ń mú kí àlàáfíà wà láàrin wọn.

Àwọn oníṣòwò eré kò gba ọ̀nà yìí. Ní ilẹ̀ Japan, ilé-iṣẹ́ Koei ti gbé eré kan jáde ní ọdún 1983 lórí Oda Nobunaga àti àwọn balógun tí ó du ilẹ̀ náà ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ó sì gbé òmíràn jáde ní ọdún 1985 lórí ìjọba mẹ́ta tí ó pín ilẹ̀ Ṣáínà láàrin ara wọn láyé àtijọ́, níbi tí a ti lè rán ikọ̀ àti ẹ̀bùn sí ọba ẹlẹ́gbẹ́ ẹni. Ọdún 1985 kan náà ni Chris Crawford, ará Amẹ́ríkà, gbé Balance of Power jáde fún kọ̀ǹpútà Macintosh. Ọ̀rọ̀ Ogun Títutù ni eré náà dá lé lórí: ọ̀tayò ni olórí Amẹ́ríkà tàbí olórí Soviet, kọ̀ǹpútà ni èkejì rẹ̀, ọdún mẹ́jọ ni wọ́n sì fi ń du ọkàn àwọn orílẹ̀-èdè kéékèèké ayé. Bí ọ̀kan bá fi ìbọn ránṣẹ́ sí àwọn ọlọ̀tẹ̀ ní ìlú kan, èkejì lè fajú ro. Ẹni tí a fajú ro sí lè fà sẹ́yìn kí ìtìjú mú un, ó sì lè ta kú, bí kò bá sì sí ẹni tí ó gbà láti sọ ojú rẹ̀ nù, ìbínú yóò máa gorí ìbínú títí bọ́ǹbù átọ́míìkì yóò fi dé. Bí ó bá dé, Crawford kò fi iná hàn wá, kò fi òkú hàn wá. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni yóò jáde lójú kọ̀ǹpútà láti sọ fún ọ̀tayò pé ogun ti bẹ́, àti pé kò sí àwòrán aláràbarà kan tí a ó fi san án lẹ́san ìjákulẹ̀ rẹ̀. Mo kà á sí ọ̀kan nínú àwọn ohun tí ó níyì jù lọ tí oníṣẹ́ eré kan ṣe rí. Síbẹ̀ ẹ̀rọ tí ó jókòó ní òdìkejì kò ní ojú, kò ní orúkọ, ohùn akọ̀wé ìjọba ni ó fi ń sọ̀rọ̀. A bẹ̀rù rẹ̀, a kò mọ̀ ọ́n.

Ojú àti orúkọ dé ní ọdún 1991, nígbà tí Sid Meier àti Bruce Shelley parí Civilization ní ilé-iṣẹ́ MicroProse ní Hunt Valley, ní ìpínlẹ̀ Maryland. Nínú eré yìí ni ọ̀tayò ti tẹ ìlú rẹ̀ dó ní ayé ọ̀bẹ òkúta, tí ó sì lè mú un dé ayé ọkọ̀ òfuurufú tí ń lọ sí ìràwọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan ni yóò jọba. Àwọn tí yóò bá a pín ayé ni Alexander a-jagun-má-wẹ̀yìn, Genghis Khan baba àwọn agẹṣinjagun, Shaka ọmọ Senzangakhona, ẹkùn àwọn Zulu, Késárì ará Róòmù, Napoleon, Stalin, Mao, Lincoln, Elizabeth ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Bí ikọ̀ ọ̀kan nínú wọn bá dé, ojú ọba náà yóò yọ, pẹ̀lú àwọn olóyè rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Yóò rẹ́rìn-ín bí inú rẹ̀ bá dùn, yóò le ojú koko bí ó bá ń wá ìjà. Nǹkan mẹ́ta péré ni wọ́n fi kọ ìwà ọba kọ̀ọ̀kan: bóyá oníjàgídíjàgan ni tàbí ẹni pẹ̀lẹ́, bóyá ó ń fẹ́ ilẹ̀ sí i ni tàbí ó ń tún èyí tí ó ní ṣe, bóyá ogun ni ó mú ní ọ̀kúnkúndùn ni tàbí ọ̀làjú. Ìwà mẹ́ta yìí kò lè gbé ẹ̀dá ró. Stalin a dé, a ní kí a fún òun ní ìmọ̀ bí a ti ń rọ irin, bí a kò bá fún un, ogun dé. Bí a bá fún un, kò ju ìgbà díẹ̀ lọ, ikọ̀ rẹ̀ a tún dé. Wọn a mulẹ̀ lówùúrọ̀, wọn a dalẹ̀ lálẹ́, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ ìdí rẹ̀.

Nínú àìsọdí yìí ni ìtàn Gandhi ti hù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi ń sọ ọ́ káàkiri pé Mahatma Gandhi, baba ìwà pẹ̀lẹ́, ni ó burú jù lọ nínú gbogbo ọba Civilization pẹ̀lú bọ́ǹbù átọ́míìkì. Wọ́n ní òùnkà ìjàgídíjàgan rẹ̀ kò ju 1 lọ. Wọ́n ní nígbà tí ìlú rẹ̀ bá gba ìjọba dèmókíràsì, ẹ̀rọ yóò yọ 2 kúrò nínú òùnkà yìí. Wọ́n sì ní nítorí pé kọ̀ǹpútà ìgbà náà kò mọ òùnkà tí ó bá lọ sísàlẹ̀ òdo, òùnkà náà yóò yípo di 255, Gandhi yóò sì di abìjà wàrà. Ìtàn yìí dùn, ó bá ọgbọ́n mu, ọ̀pọ̀ olùkọ́ ètò kọ̀ǹpútà ni ó sì fi í ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọmọ iléèwé. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a: ní ọdún 2020, Sid Meier fúnra rẹ̀ kọ ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, ó sì sọ níbẹ̀ pé irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kò sí nínú eré náà rí. Gandhi ń fi bọ́ǹbù halẹ̀ mọ́ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ọba tí ó bá ní in ni ń fi halẹ̀. Nítorí pé ìwé kíkà àti ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni Gandhi sì fẹ́ràn, ó máa ń tètè ní in. Ohun tí ó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé ní ọdún 2010, nígbà tí wọ́n ṣe Civilization V, Jon Shafer, olórí àwọn tí ó ṣe é, mọ̀ọ́mọ̀ fún Gandhi ní òùnkà 12 lórí ìfẹ́ bọ́ǹbù, lórí òṣùwọ̀n tí kò yẹ kí ó ju 10 lọ. Àwọn ènìyàn nílò ìdí fún ìwà ọba náà tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi dá ìdí sílẹ̀ fúnra wọn.

Lẹ́yìn Civilization, ìwà àwọn ọba inú ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í nípọn. Master of Orion, tí Steve Barcia àti ilé-iṣẹ́ Simtex ṣe ní ọdún 1993, gbé ogun lọ sáàrin àwọn ìràwọ̀, ó sì fún olórí kọ̀ọ̀kan ní ìwà tí a lè dárúkọ, ọlọ́lá ni tàbí aláìláàánú, ẹni àlàáfíà ni tàbí ẹni tí ó kórìíra àlejò, tàbí ẹni tí inú rẹ̀ ń yí padà bí ojú ọjọ́. Brian Reynolds, nínú Civilization II ti ọdún 1996, mú kí ayé máa rántí: ẹni tí ó bá dalẹ̀, orúkọ rẹ̀ yóò bàjẹ́ ní ìpele kan sí èkejì lójú gbogbo ọba, kì í ṣe lójú ẹni tí a dà nìkan. Reynolds kan náà ni ó ṣe Alpha Centauri ní ọdún 1999, níbi tí àwọn olórí kì í ti í ṣe ẹni ìtàn mọ́, bí kò ṣe ẹni tí a dá sílẹ̀ pẹ̀lú ìgbàgbọ́ tirẹ̀: Deirdre Skye, ẹni tí ó fẹ́ràn igi àti koríko ju èrè lọ, àti Nwabudike Morgan, oníṣòwò ńlá tí orúkọ rẹ̀ dún bí ti àwọn ará òdìkejì Odò Ọya wa. Bí ọ̀tayò bá ṣí ọjà sílẹ̀ láìsí ìdíwọ́ nínú ìlú rẹ̀, inú Morgan yóò dùn, Deirdre yóò bínú, kò sì sí ẹ̀bùn tí ó lè tètè mú ìbínú náà kúrò. Fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú àwọn eré tí mo mẹ́nu bà yìí, ọba inú ẹ̀rọ ní ohun kan tí ó gbà gbọ́, kì í ṣe ohun tí ó fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹni nìkan.

Ẹni tí ó sọ iṣẹ́ yìí di ọnà nítòótọ́ ni Soren Johnson. Òun ni ó kọ ọpọlọ àwọn ọba nínú Civilization III ti ọdún 2001, ní ilé-iṣẹ́ Firaxis tí Meier, Reynolds àti Jeff Briggs dá sílẹ̀ ní ọdún 1996. Nínú eré yẹn ni wọ́n ti gbé tábìlì ìdúnàádúrà kalẹ̀: wúrà, ìmọ̀, àwòrán ilẹ̀, turari, àlàáfíà, àní odidi ìlú, kò sí ohun tí a kò lè gbé sórí rẹ̀, a sì lè bi ọba tí ó jókòó ní iwájú wa ohun tí ó fẹ́ gbà kí ọ̀rọ̀ náà lè bá a lára mu. Ẹni tí a ń bá nájà là ń wò, a kì í wo ariwo ọjà. Ṣùgbọ́n ariwo ọjà yìí ni ó di wàhálà, nítorí pé àwọn ọba inú ẹ̀rọ mọ ìdúnàádúrà ju ọ̀tayò lọ. Bí ọ̀kan bá kọ́ ìmọ̀ kan lónìí, kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́ ó ti tà á fún gbogbo àwọn yòókù, ọ̀tayò a sì bá ara rẹ̀ nínú òkùnkùn, a máa ké pé wọ́n ti dìtẹ̀ mọ́ òun. Wọn kò dìtẹ̀. Ìdúnàádúrà ni wọ́n ṣe, èyí tí ó ṣe ẹni kọ̀ọ̀kan wọn láǹfààní.

Ẹ̀kọ́ tí Johnson kọ́ níbẹ̀ ni ó lò nígbà tí ó di olórí iṣẹ́ Civilization IV ní ọdún 2005, ó sì sọ ọ́ fáyé gbọ́ ní ìpàdé àwọn oníṣẹ́ eré ní ọdún 2008, nínú ọ̀rọ̀ kan tí àkòrí rẹ̀ sọ pé kọ̀ǹpútà ń ta ayò láti pàdánù. Kì í ṣe pé kí ẹ̀rọ jẹ́ òmùgọ̀ ni ó ń wí. Ó ń wí pé ẹ̀rọ tí ó bá ń wá ìṣẹ́gun bí ènìyàn ti ń wá a, ní ọjọ́ tí ó kù díẹ̀ kí ọ̀tayò borí, ó yẹ kí gbogbo ọ̀rẹ́ ọ̀tayò pa pọ̀ kí wọ́n sì kọlù ú, nítorí pé ohun tí ọgbọ́n sọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀tayò tí ó ti fi ẹgbẹ̀rún ọdún eré bá Mansa Musa ṣọ̀rẹ́ kò ní rí ọgbọ́n níbẹ̀, ìrẹ́jẹ ni yóò rí. Nítorí náà Johnson mú kí ọ̀rẹ́ jẹ́ ọ̀rẹ́. Ó sì ṣe ohun kan tí ó ju ìyẹn lọ: ó ṣí inú ọba sílẹ̀ fún wa. Bí a bá gbé ọwọ́ atọ́ka lé orúkọ Isabella, ọbabìnrin Spain, a ó rí gbogbo ẹ̀sùn tí ó ní sí wa ní ẹsẹ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú òùnkà rẹ̀: èyí tí a yọ nítorí pé ẹ̀sìn wa kì í ṣe tirẹ̀, èyí tí a yọ nítorí pé ààlà wa há a mọ́ra, èyí tí a fi kún un nítorí pé a ràn án lọ́wọ́ nígbà tí ogun dé bá a, àti èyí tí a yọ nítorí pé ó ní kí a fún òun ní nǹkan nígbà kan tí a kò fún un, ohun tí àwa ti gbàgbé. Ẹni tó ṣu ni í gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Àwọn kan wí pé òùnkà wọ̀nyí sọ ọba di ìwé ìṣirò owó. Èmi kò gbà. Isabella burú, ó le, ẹ̀sìn rẹ̀ ju ìlú rẹ̀ lọ lójú rẹ̀, gbogbo ẹni tí ó ta eré náà ni ó sì mọ̀ ọ́n bí a ti ń mọ aládùúgbò oníjọ̀gbọ̀n.

Kì í sì í ṣe gbogbo inú ni Johnson ṣí. Ète ogun wà ní ìkọ̀kọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀tayò tí wọ́n ní sùúrù ṣàkíyèsí pé bí a bá bẹ ọba kan pé kí ó bá wa gbógun ti ẹlòmíràn, tí ó sì dáhùn pé iṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ òun báyìí ti tó òun, a jẹ́ pé ogun kan ń bẹ tí ó ń múra rẹ̀ sílẹ̀, ó sì lè jẹ́ àwa gan-an ni ó ń múra dè. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ ìdáhùn ikọ̀ kan di àmì. Kí wọ́n tó sùn, wọn a yí gbogbo àwọn ọba ayé ká pẹ̀lú ìbéèrè kan náà, láti mọ ẹni tí yóò dáhùn bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ikọ̀ gidi nìyẹn: kí a máa gbọ́ ohun tí a kò sọ nínú ohun tí a sọ.

Ní ti Civilization V, mi ò fẹ́ fi gígùn rẹ̀ dá ẹ̀yin òǹkàwé dúró. Wọ́n fẹ́ kí àwọn ọba ibẹ̀ máa du ìṣẹ́gun nítòótọ́, wọ́n sì fi ìdí ìbínú wọn pa mọ́ nígbà tí eré náà kọ́kọ́ jáde. Ohun tí Johnson ti wí sì ṣẹlẹ̀. Ọba tí ó bá wa jẹ, tí ó bá wa mu, a máa dìde lọ́sàn-án gangan, a bú wa ní gbangba, ọ̀tayò a sì kígbe pé orí rẹ̀ ti dàrú. Kò dàrú, ó rò pé a ń du ọ̀nà ìṣẹ́gun kan náà pẹ̀lú òun ni. Kò pẹ́ tí wọ́n fi tún un ṣe, tí àwọn ìdí náà sì yọ sójú, tí ìdí yìí gan-an sì wà lára wọn. Ojú lásán ni a rí, ọ̀rẹ́ ò dénú; ṣùgbọ́n nínú eré, ẹni tí kò rí inú kò lè bá ọba ṣeré pẹ́.

Ní Stockholm, olú ìlú Sweden, àwọn ará Paradox ti gba ọ̀nà mìíràn láti ọdún 2000, nígbà tí wọ́n gbé Europa Universalis jáde láti ara eré orí pátákó tí Philippe Thibaut ṣe. Nínú ẹ̀kẹrin rẹ̀, tí ó jáde ní ọdún 2013, ọ̀rọ̀ láàrin àwọn ọba kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ eré náà, òun ni eré náà gan-an. Kí a tó rán ikọ̀ rárá ni a ti lè rí bóyá ọba tí a ń rán an sí yóò gbà, pẹ̀lú gbogbo ohun tí ó ń tì í síwájú àti ohun tí ó ń fà á sẹ́yìn. Èyí tí ó sì jinlẹ̀ jù nínú rẹ̀ ni ètò ìbẹ̀rù: bí ìjọba kan bá ń gbé àwọn aládùúgbò rẹ̀ mì, ẹ̀rù rẹ̀ yóò máa tàn káàkiri, yóò pọ̀ jù lọ́dọ̀ àwọn tí ó sún mọ́ ọn tí wọ́n sì jọ ń ṣe ẹ̀sìn kan, títí ọjọ́ tí àwọn tí kò fẹ́ràn ara wọn tẹ́lẹ̀ yóò fi pa pọ̀ láti dojú ìjà kọ ọ́. Ọ̀yọ́ wà nínú eré náà, ó sì ṣe é yàn láti jọba lé lórí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ìtàn ilẹ̀ wa yóò rí nínú ètò ìbẹ̀rù yìí ìtàn ìlú mìíràn tí kò sí nínú rẹ̀, Ìbàdàn ayé Ààrẹ Látòósà, tí ìṣẹ́gun rẹ̀ tàn kálẹ̀ títí Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti àwọn mìíràn fi para pọ̀ lábẹ́ Ògèdèǹgbé, tí Ogun Kírìjì fi bẹ́, tí ó sì di ọdún 1886 kí a tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà. Mi ò mọ̀ bóyá ará Sweden kankan gbọ́ ìtàn yẹn rí kí ó tó jókòó ṣírò. Ìṣirò wọn bá a mu.

Ní gbogbo àsìkò yìí, àwọn ọ̀mọ̀wé kò fi eré Calhamer sílẹ̀. Ní apá ìparí àwọn ọdún 1980, Sarit Kraus àti Daniel Lehmann ní Jerúsálẹ́mù ti ṣe ètò kan tí ó lè bá ènìyàn dúnàádúrà nínú eré náà pẹ̀lú èdè kúkúrú kan tí a là sílẹ̀ fún un. Lẹ́yìn ìyẹn, fún ìgbà pípẹ́, eré tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú ni ọ̀pọ̀ nínú wọn dojú kọ, tí ẹ̀rọ kàn ń kọ àṣẹ ogun láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni ilé-iṣẹ́ Meta fi Cicero, ẹ̀rọ tí ń ta eré náà pẹ̀lú ọ̀rọ̀, hàn nínú ìwé ìròyìn Science. Orúkọ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ará Róòmù àtijọ́ ni wọ́n sọ ọ́. Wọ́n ti fi eré tó lé ní 40,000 kọ́ ọ, èyí tí iṣẹ́ tí àwọn ọ̀tayò rán sí ara wọn nínú rẹ̀ sún mọ́ mílíọ̀nù 13. Apá kan nínú rẹ̀ ń ṣírò ohun tí olúkúlùkù yóò ṣe, apá kejì ń sọ ìṣirò náà di ọ̀rọ̀ ẹnu, apá mìíràn sì ń yẹ ọ̀rọ̀ wò kí ó tó jáde. Wọ́n fi í pamọ́ sáàrin ènìyàn 82 nínú eré 40. Òùnkà rẹ̀ ju ìlọ́po méjì òùnkà tí ènìyàn ń ní lọ, ó sì wà nínú ìdá mẹ́wàá tí ó gbé ipò iwájú láàrin àwọn tí ó ta ju eré kan lọ. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni sọ láàrin eré tí ó fi hàn pé ó mọ̀ pé ẹ̀rọ ni òun ń bá sọ̀rọ̀.

Àwọn tí ó ṣe é wí pé àwọn kọ́ ọ láti jẹ́ olóòótọ́ sí ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé mìíràn ka àwọn ìwé ìjíròrò náà, wọ́n sì rí ohun tí ó yàtọ̀. Nínú eré kan tí Cicero ti jẹ́ Faransé, ó ti bá Jámánì gbà pé kí wọ́n gba Òkun Àríwá, ó wá lọ bá Gẹ̀ẹ́sì, ó ní bí ẹnikẹ́ni bá wọ Òkun Àríwá òun yóò gbèjà rẹ̀, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì sì gbà á gbọ́ tán, ó padà lọ sọ fún Jámánì pé ó ti tó àkókò ogun. Ní ìgbà mìíràn tí ẹ̀rọ náà dákẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ nítorí pé kọ̀ǹpútà tí ó gbé e ró kọṣẹ́, tí ọ̀tayò kan sì béèrè ibi tí ó lọ, ó dáhùn pé òun ń bá olólùfẹ́ òun sọ̀rọ̀ lórí fóònù ni. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ; ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó rán an níṣẹ́ olólùfẹ́.

Andrew Goff, ẹni tí ó ti di olúborí àgbáyé nínú eré Diplomacy lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ṣàkíyèsí pé ènìyàn a máa rọ̀, tàbí kí ó máa lépa ẹ̀san, Cicero kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀. Agbára rẹ̀ nìyẹn, ohun tí ó sì yà á kúrò lára Isabella nìyẹn. Isabella kò lè sọ gbólóhùn kan tí a kò kọ sílẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n kò gbàgbé. Cicero lè sọ ohunkóhun, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó sọ lánàá kò di gbèsè sí i lọ́rùn lónìí. Bí a bá ní kí n yan ọ̀kan láti bá pààlà, Isabella ni èmi yóò yàn. Mo lè múra de ìbínú tí ó ní ìdí.

Àwọn oníṣẹ́ eré náà kò tíì gbé ẹ̀rọ bíi Cicero sórí ìtẹ́. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń fún ìwà ní àyè sí i. Nínú Civilization VI ti ọdún 2016, tí Ed Beach jẹ́ olórí iṣẹ́ rẹ̀, ọba kọ̀ọ̀kan ní ohun kan tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n mọ́, àti ohun kan tí a ó tọ pinpin kí a tó mọ̀: Qin Shi Huang fẹ́ kí òun nìkan máa kọ́ àwọn ilé àràmàǹdà ayé, Cleopatra kì í bá aláìlágbára ṣọ̀rẹ́, Mvemba a Nzinga ti Kóńgò ń retí kí a mú ẹ̀sìn wá sí ìlú òun. Nínú Civilization VII, tí ó jáde ní oṣù kejì ọdún 2025, Amina ti Zazzau, akíkanjú obìnrin ilẹ̀ Hausa, gorí ìtẹ́ láàrin wọn, a sì lè fi í jọba lórí Róòmù bí ó bá wù wá. Ṣùgbọ́n tábìlì ìdúnàádúrà tí ó ti wà láti ọdún 2001 kò sí níbẹ̀ mọ́. Iyì ni a ń kó jọ, bí ẹni ń kó owó jọ, òun ni a sì ń ná láti dábàá àjọṣe, láti gbà á, tàbí láti kọ̀ ọ́. Ìgbà tí ogun bá parí nìkan ni a tún ń jókòó gba ìlú lọ́wọ́ ara wa. Àwọn tí ó ti ń ta eré náà láti ayé Johnson kùn nítorí èyí, mo sì wà lára wọn. Àwọn ọmọdé tí ó kọ́kọ́ bá eré náà pàdé ní ọdún 2025 kò mọ̀ pé tábìlì kan wà níbẹ̀ rí, wọ́n sì ń fi iyì Amina ra ojúrere Késárì láìsí ìyọnu kankan.